Ẹyẹ Tí Kì Í Fẹsẹ̀ Kanlẹ̀

Ẹ ka Jeremáyà 8:7 àti Orin Dáfídì 84:3 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

A ti gbọ́ ìwàásù nípa idì, a ti gbọ́ nípa àdàbà, etí wa ti kún. Ẹyẹ tí mo mú wá lónìí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wa má tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Alpine Swift ni àwọn òyìnbó ń pè é. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, èmi yóò máa pè é ní swift orí òkè, nítorí pé inú pálapàla àpáta lórí òkè gíga ni ó ń yé ẹyin sí: ní òkè Alps ní Switzerland, ní Spain, ní Morocco, ní Tọ́kì, títí lọ dé òkè Himalaya. Nígbà tí òtútù bá sì ń bọ̀ ní Yúróòpù, àwọn tí ó wà níbẹ̀ a kó ara wọn jọ, wọn a sì forí lé Áfríkà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Ìwé Mímọ́. Wòlíì Jeremáyà fi àwọn ẹyẹ bá àwọn ènìyàn rẹ̀ wí. Ó ní àwọn ẹyẹ ojú ọ̀run mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọn wá àti ìgbà tí ó yẹ kí wọn lọ, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn Ọlọ́run kò mọ òfin Olúwa wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ tí ó dárúkọ ni Bíbélì Yorùbá wa pè ní alápàńdẹ̀dẹ̀. Ní èdè Hébérù, sis tàbí sus ni wọ́n kọ. Àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ń jẹ́ Henry Baker Tristram (1822–1906), tí ó rin ilẹ̀ Palẹ́sìnì káàkiri tí ó sì ń kọ ohun tí ó rí nípa àwọn ẹranko àti ẹyẹ ibẹ̀ sílẹ̀. Ó ní swift ni wòlíì ń sọ, nítorí pé àwọn Lárúbáwá ibẹ̀ ṣì ń pe swift ní sis, àti nítorí pé swift ni ó máa ń ya dé lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní àkókò tirẹ̀, tí kì í yẹ̀. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì NIV tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, swift ni ó kọ síbẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ rẹ bá bi ọ́ pé kí ló dé tí ti mọ́mì fi yàtọ̀ sí tòun, o ti ní ìdáhùn.

Kì í ṣe àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì wa nìkan ni ó pe àwọn méjèèjì ní orúkọ kan. Ní ilé, alápàńdẹ̀dẹ̀ ni a ń pe gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá dàgbà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó yóò rántí àwọn ẹyẹ dúdú kéékèèké tí ń fò yípo lábẹ́ afárá àti lẹ́bàá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nírọ̀lẹ́, tí wọn ń ké ṣíríṣírí, tí ìdí wọn funfun. Swift ni wọ́n. Àní Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Sweden tí ó fún swift orí òkè ní orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ní ọdún 1758, àárín àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ ni ó kọ ọ́ sí. Ìwádìí ti fi hàn láti ìgbà náà pé wọn kò bára tan rárá. Alápàńdẹ̀dẹ̀ sún mọ́ ológoṣẹ́ ju bí ó ti sún mọ́ swift lọ. Ìbátan swift ni àwọn ẹyẹ bíńtín ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ń dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́ tí wọn ń fa omi dídùn inú òdòdó mu.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni ẹsẹ̀. Alápàńdẹ̀dẹ̀ a máa bà sórí wáyà iná. Swift kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú púpọ̀, ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè kọjú síwájú, èékánná rẹ̀ sì mú bí ìkọ́. Ó lè fi rọ̀ mọ́ ara ògiri tàbí àpáta, ṣùgbọ́n kò lè fi tọ pọ́ńpọ́ń lórí ilẹ̀ bí ẹyẹ mìíràn, kò sì lè fi dì mọ́ ẹ̀ka igi. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ pe irú ẹyẹ yìí ní aláìlẹ́sẹ̀.

Ohun tí a kò fi sí ẹsẹ̀ rẹ̀, apá ni a fi sí. Swift orí òkè kò wúwo ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ, bẹ́ẹ̀ bí ó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, láti ṣóńṣó kan dé èkejì, ó tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 55. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú rúlà ilé-ìwé yín méjì, ẹ tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ẹ ó rí i pé díẹ̀ ni ó kù kí ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, inú rẹ̀ funfun, ọ̀fun rẹ̀ náà funfun, bẹ́líìtì pípọ́n kan sì gba àyà rẹ̀ kọjá. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ti ń mú kòkòrò jẹ. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, a fò gba ojú omi kọjá, a sì fi ẹnu bu díẹ̀ láì dúró. Ìyẹ́ àti koríko tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri ni ó ń hán láti fi ṣe ìtẹ́, itọ́ ẹnu rẹ̀ ni ó sì fi ń lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Ó pẹ́ tí àwọn olùṣọ́ ẹyẹ ti ń sọ pé àfàìmọ̀ kí ẹyẹ yìí má máa sùn lójú ọ̀run. Wọn kò rí ẹ̀rí. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí ẹyẹ ti Switzerland tí ó wà ní Sempach, tí Felix Liechti jẹ́ olórí wọn, so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn swift orí òkè mẹ́fà ní ìlú Baden. Ẹ̀rọ náà kò wúwo tó 2 gíráàmù. Ó ń kọ ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ sílẹ̀, èyí tí a fi ń mọ ibi tí ẹyẹ wà, ó sì ń kọ bí apá àti ara ẹyẹ ṣe ń mì sílẹ̀. Àwọn ẹyẹ náà lọ. Ní ọdún 2012, wọ́n tún rí mẹ́ta mú nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ibi kan náà.

Nígbà tí wọ́n ka ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà, wọ́n rí i pé àwọn ẹyẹ náà ré aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, wọ́n lo ìgbà òtútù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, wọ́n sì padà, wọn kò sì dáwọ́ fífò dúró fún ohun tí ó lé ní ọjọ́ 200. Oṣù mẹ́fà àti ààbọ̀! Ní ọ̀sán àti ní òru. Ìgbà mìíràn wà tí apá wọn kò mì púpọ̀, tí wọn kàn nà án tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé wọn lọ, ó sì jọ pé ìgbà yẹn ni wọn ń sinmi. Ọdún 2013 ni wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde. Ní ọdún 2016, àwọn ará Sweden sọ fún ayé pé swift dúdú, èyí tí a ń rí ní Britain níhìn-ín, a máa ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn kan nínú wọn lo oṣù mẹ́wàá lójú ọ̀run láì bà sí ibì kankan.

Èmi tí mo ti ṣe iṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù fún ọdún púpọ̀ mọ̀ pé òru mẹ́rin tẹ̀léra ti tó láti jẹ́ kí ènìyàn máa fi iyọ̀ sínú tíì. Báwo wá ni ẹyẹ ṣe ń ṣe é fún oṣù mẹ́fà? A kò tíì lè wọn ọpọlọ swift bí ó ti ń fò, nítorí pé ó kéré jù fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016 kan náà, wọ́n wọn ọpọlọ ẹyẹ òkun ńlá kan tí ń gbé ní erékùṣù Galápagos. Wọ́n rí i pé ó ń sùn bí ó ti ń fò, nígbà mìíràn apá kan ọpọlọ rẹ̀ a sùn tí apá kejì a sì máa ṣọ́nà, gbogbo oorun rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 42 lọ láàárín wákàtí 24. Bí ó bá sì padà dé ilẹ̀, a sùn fún wákàtí púpọ̀ láti san gbèsè. Mo rò pé ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ méjì mọ gbèsè tí mo ń wí.

Kí ló wá mú ẹyẹ tí kò nílò ilẹ̀ bà sórí ohunkóhun? Ọmọ ni. Ẹyin kò ṣeé yé sójú ọ̀run. Nítorí ẹyin méjì tàbí mẹ́ta ní ọdún kan ni swift orí òkè ṣe ń wá ihò tóóró kan nínú àpáta, tàbí lábẹ́ òrùlé ilé gíga, tí ó sì ń padà sínú ihò kan náà lọ́dọọdún. Ó ń sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 20. Bí ọmọ bá ti jáde, ìyá àti bàbá jọ ń bọ́ wọn ni. Wọn a mú kòkòrò títí ọ̀fun wọn yóò fi wú, wọn a fi itọ́ pò ó pọ̀ bí òkèlè, òkèlè kan ṣoṣo a sì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kòkòrò nínú.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí pé ibí yìí ni ó wú mi lórí jù gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì. Lórí òkè, òjò lè rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Bí òjò bá ń rọ̀, kòkòrò kò ní fò. Bí kòkòrò kò bá fò, ọmọ kò ní jẹun. Ọmọ ènìyàn tuntun tí ooru ara rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ ju 36.5 lọ lórí tẹmómítà, a ti ń wá aṣọ, a ti ń wá fìlà, a ti ń gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, nítorí pé ewu ti ń bọ̀. Ọmọ swift ní tirẹ̀ a jẹ́ kí ooru ara rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an. Ara rẹ̀ a tutù, a dákẹ́, a sì máa ná ọ̀rá tí ó ti fi pamọ́ sára díẹ̀díẹ̀. A dà bí ẹni tí ó ti kú. Bí oòrùn bá tún yọ tí oúnjẹ sì dé, ara rẹ̀ a tún móoru, a sì tún máa dàgbà lọ. Ohun tí a ń pè ní ewu lára ọmọ wa, òun ni Ẹlẹ́dàá fi dá ẹ̀mí ọmọ swift sí.

Eṣinṣin kan tún wà tí kò lè fò, tí ń gbé lára wọn tí ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Pierre Bize àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí swift orí òkè ní Switzerland fún ọdún púpọ̀, rí i pé ọmọ tí eṣinṣin yìí bá pọ̀ lára rẹ̀ a máa dàgbà lọ́ra. Ṣùgbọ́n kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Inú ihò ni yóò dúró sí ní tirẹ̀, títí apá rẹ̀ yóò fi gùn tó bí ó ti yẹ. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n sábà ń lò nínú ìtẹ́, àwọn mìíràn a sì lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àǹfààní láti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì: ọjọ́ tí ó bá fò jáde náà ni yóò máa fò lọ. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni yóò kọjá kí òun náà tó wá ihò tirẹ̀ tí yóò yé ẹyin sí.

Àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń kọ ọ́ pé ẹyẹ Yúróòpù ni, tí ń lọ lo ìgbà òtútù ní Áfríkà, bí ẹni pé ìsinmi ọlidé ni ó lọ. Ní tèmi, n kò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀run Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ni ó ti ń jẹun fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, kòkòrò ilẹ̀ wa sì ni ó ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró títí ìgbà yóò fi yí padà. Àwọn tí ó ń pamọ ní Bulgaria àti Tọ́kì ń lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfríkà ní tiwọn, olúkúlùkù ní ọ̀nà rẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní níbi tí wọ́n bá ti pa á ni ilé rẹ̀. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ yín ní tábìlì oúnjẹ kí ẹ gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ, nítorí pé ìdáhùn ọmọ tí a bí sí ìlú yìí lè má bá tiyín mu, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ ọ.

Ó ti pẹ́ tí swift orí òkè ti fi ilé gogoro kún àpáta. Ní ìlú Solothurn ní Switzerland, inú ẹnubodè àtijọ́ ti ìlú náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Ọkùnrin kan níbẹ̀, Hans Arn, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣọ́ wọn, ó ń fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀, ó sì kọ ìwé kan nípa wọn tí ó jáde ní ọdún 1960. Òrùka báyìí ni a fi mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn lo ọdún 26 láyé. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀, irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ yóò ti ré Sàhárà kọjá ní nǹkan bí ìgbà 50. Bí ó bá sì dé ní ìgbà ìrúwé kan, tí ó bá pé kọ́lékọ́lé ti fi sìmẹ́ǹtì dí ihò rẹ̀, kò sí ibi tí yóò bà sí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ra gan-an ní Switzerland kí wọ́n tó tún ilé tí swift wà nínú rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Britain níhìn-ín. Swift orí òkè kì í sábà dé ìhín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ya wọ Britain àti Ireland débi pé àwọn olùwòran ń ti ìlú kan sáré dé òmíràn. Swift dúdú ni tiwa. Ó ń dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ó sì ń lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Iye rẹ̀ ti dín kù púpọ̀, wọ́n sì fi sínú ìwé pupa àwọn ẹyẹ tí ó wà nínú ewu ní ọdún 2021. Kòkòrò ti dín kù, èyí wà lára ohun tí ó fà á, ṣùgbọ́n ihò tí a ń dí nígbà tí a bá ń tún òrùlé ṣe náà wà lára rẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn ìjọ wa ni ó ń lo ilé ìsìn àtijọ́, òkúta ni ògiri rẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì ń jò. A ń dáwó láti tún un ṣe, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó ilé Ọlọ́run rán ẹnì kan jáde ní ìrọ̀lẹ́ oṣù kẹfà, kí ó dúró lábẹ́ òrùlé fún wákàtí kan, kí ó máa wò bóyá ẹyẹ kan ń já wọlé bí ọfà sábẹ́ páànù. Òfin Wildlife and Countryside Act ti ọdún 1981 kò gbà kí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ ẹyẹ jẹ́ nígbà tí ẹyẹ ń lò ó. Iṣẹ́ lè dúró di oṣù kẹsàn-án, a sì lè fi ihò yẹn sílẹ̀ tàbí kí a kan àpótí mọ́ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní orílẹ̀-èdè yìí ti kan irú àpótí bẹ́ẹ̀ sínú ilé agogo wọn. Onísáàmù sọ nípa ẹyẹ tí ó rí àyè fún àwọn ọmọ rẹ̀ nítòsí pẹpẹ Olúwa, kò sì sọ pé ẹnì kan lé e. Ní Jerúsálẹ́mù títí di òní, swift ń pamọ láàárín àwọn òkúta Ògiri Ìwọ̀-Oòrùn, lára odi tí Hẹ́rọ́dù mọ yí òkè tẹ́ńpìlì ká, àwọn ènìyàn sì ń gbàdúrà nísàlẹ̀.

Ó ku ohun kan tí àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ẹ bá rí swift nílẹ̀ ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ọ̀nà ilé-ìwé, ẹ má ṣe jù ú sókè pé kí ó fò. Bí ó bá ti fara pa tàbí tí apá rẹ̀ kò tíì gùn tó, ìṣubú kejì lè pa á. Ẹ rọra gbé e sínú páálí tí ẹ ti dá ihò sí lára, kí ẹ tẹ́ aṣọ rírọ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ó dákẹ́ tí ológbò kò lè dé. Ẹ má fún un ní búrẹ́dì, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì da omi sí i lẹ́nu. Kí bàbá tàbí ìyá yín pe dókítà ẹranko, tàbí àwọn tí ń tọ́jú swift ní agbègbè yín, ní ọjọ́ náà gan-an.